LORD DELAMERE TI SOYSAMBU: Òyìnbó Darandaran tí ó Fẹ́ràn Àwọn Máásáì, tí ó sì Jókòó Lórí Ilẹ̀ Wọn

Bí ènìyàn bá gba ojú ọ̀nà tí ó ti Nairobi, olú-ìlú ilẹ̀ Kẹ́ńyà, kọjá ní Naivasha àti Gilgil lọ sí Nakuru, yóò rí adágún kan ní apá òsì rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Elmenteita. Omi oníyọ̀ ni, kò sì jìn. Àwọn ẹyẹ òfú a máa pamọ níbẹ̀, àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí ìyẹ́ wọn pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni pé a fi osùn kùn wọ́n a sì máa tò yí etí omi náà ká. Ní òdì-kejì adágún yìí, òkè kan wà tí ó rí gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin tí ó dùbúlẹ̀, tí ó kọ ojú sí ọ̀run. Àwọn Máásáì, tí wọ́n ti ń da màlúù káàkiri ibẹ̀ kí òyìnbó kankan tó dé, ń pe òkè náà ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí Jagunjagun tí ó Sùn. Nígbà tí àwọn òyìnbó dé, wọ́n wo ṣóńṣó òkè náà, wọ́n ní imú ọ̀gá wọn ni ó jọ, wọ́n sì sọ ọ́ ní Imú Delamere.

Òkè kan ṣoṣo, orúkọ méjì. Bí a bá mọ bí orúkọ kejì ṣe wá bá ti àkọ́kọ́, a ti mọ apá tí ó tóbi nínú ìtàn ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí àwọn òǹkàwé wa, pàápàá jùlọ ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn Áfíríkà, gbọ́ nípa ìgbésí-ayé ọkùnrin tí a fi imú rẹ̀ sọ òkè lórúkọ, àti nípa Soysambu, ilé àti pápá ìjẹko tí ó fi sílẹ̀ fún ìdílé rẹ̀ ní ẹ̀bá adágún náà. A kò lè pè é ní ènìyàn búburú pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè yìn ín kí ọkàn wa má dá wa lẹ́bi. Ó fẹ́ràn àwọn Máásáì tọkàntọkàn. Síbẹ̀, ilẹ̀ wọn ni ó jókòó lé títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ọmọ Ọlọ́lá ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Hugh Cholmondeley ni orúkọ tí a sọ ọ́. A bí i ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1870, sínú ìdílé ọlọ́lá tí ó ni ilé ńlá Vale Royal ní agbègbè Cheshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-ẹ̀kọ́ Eton, níbi tí àwọn ọmọ ọlọ́lá ilẹ̀ náà ń lọ, ni a rán an sí, ṣùgbọ́n ẹṣin gígùn àti ọdẹ ṣíṣe ni ọkàn rẹ̀ fà sí jù. Nígbà tí baba rẹ̀ kú ní ọdún 1887, ọmọ ọdún 17 péré ni. Òun ni ó jogún oyè àti ilẹ̀, tí ó sì di Lord Delamere kẹta nínú ìdílé wọn.

Ní ọdún 1891, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Sòmálì ní ìlà-oòrùn Áfíríkà láti lọ ṣọdẹ kìnnìún. Ilẹ̀ náà wù ú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń padà lọ lemọ́lemọ́. Ní ọdún 1894, kìnnìún kan bò ó mọ́lẹ̀ ó sì fà á lẹ́sẹ̀ ya. Bí kì í bá ṣe ti Abdullah Ashur, ọmọ Sòmálì tí ó máa ń bá a gbé ìbọn, ibẹ̀ ni ìtàn wa ì bá parí sí. Ọkùnrin yìí fò mọ́ kìnnìún náà ní ọwọ́ òfìfo, títí ọ̀gá rẹ̀ fi ráyè nawọ́ mú ìbọn. Láti ọjọ́ náà ni Delamere ti ń tiro títí ó fi kú. Gbogbo ohun tí ó dì ní ilẹ̀ Áfíríkà lẹ́yìn náà, ọrọ̀ àti agbára, ọmọ Áfíríkà kan ni ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu kí ó tó lè rí wọn dì. Orúkọ Delamere wà ní ojú òkè. Orúkọ Abdullah Ashur kò sí níbì kankan àfi nínú ìwé ìtàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín gbàgbé rẹ̀.

Ilẹ̀ tí ó Dàbí Ẹni pé kò ní Ènìyàn

Ní ìparí ọdún 1896, Delamere tún gbéra láti ilẹ̀ Sòmálì, pẹ̀lú oníṣègùn kan, ayàwòrán kan, àti 200 ènìyàn tí ń da ràkúnmí. Wọ́n la aṣálẹ̀ kọjá fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù. Ní ọdún 1897, wọ́n já sí orí ilẹ̀ òkè tí ó tutù, tí koríko rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, tí omi ń ṣàn nínú rẹ̀: ilẹ̀ òkè àárín gbùngbùn Kẹ́ńyà nìyẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò yíká, ó rí pápá tí ó tẹ́ lọ bí òkun, ènìyàn díẹ̀, màlúù díẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti sí ní Vale Royal mọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní àjòjì ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Èé ṣe tí ilẹ̀ náà fi dàbí ẹni pé kò ní ènìyàn? Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1890, àjàkálẹ̀ àrùn màlúù kan jà ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, ó sì pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú agbo ẹran àwọn Máásáì. Màlúù ni oúnjẹ Máásáì, òun ni owó orí ìyàwó, òun ni ẹbọ, òun sì ni iyì. Bí màlúù ti ń kú ni ìgbóná bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn, ọ̀dá dé lé e, ìyàn tẹ̀lé ọ̀dá. Nígbà tí aríran àgbà wọn kú, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, Olonana àti Sendeyo, bẹ̀rẹ̀ sí í du ipò baba wọn, ogun abẹ́lé sì gba ilẹ̀ náà kan. Irú àkókò yìí ni Delamere dé. Ilé tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni ó bá, ó sì rò pé ilé tí kò ní olówó ni.

Ní àkókò kan náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń la ojú irin láti Mombasa ní etí òkun lọ sí adágún ńlá Victoria. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ọkọ̀ ojú irin sì dé etí adágún náà ní ọdún 1901. Owó tí ó gùn ún kò kéré, ìjọba sì ń wá ọ̀nà tí ojú irin náà yóò fi pa owó tí a ná sí i padà. Sir Charles Eliot, tí ó jẹ́ olórí ìjọba ibẹ̀ nígbà náà, pinnu pé àwọn àgbẹ̀ òyìnbó ni òun yóò pè wá láti gba ilẹ̀ òkè náà, kí irè oko wọn lè máa gba orí irin lọ sí etí òkun. Kò sí ẹni tí ó bi àwọn onílẹ̀ léèrè.

Ilẹ̀ Ọ̀kẹ́ Márùn-ún Ékà

Delamere ti fẹ́ ìyàwó ní ọdún 1899. Lady Florence Cole ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọlọ́lá kan láti ilẹ̀ Áílándì. Ní ọdún 1900 ni ó bí Thomas, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Ní ọdún 1903, Delamere tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ kò bọ́ sí i, nítorí pé ilẹ̀ náà jìnnà sí ibi tí ènìyàn ń gbé. Ó tún béèrè fún 100,000 ékà ní agbègbè Naivasha. Ìjọba kọ̀, wọ́n ní èyí lè dá ìjà sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn Máásáì tí ń gbé ibẹ̀. Ẹ kíyèsí i pé àwọn aláṣẹ mọ̀ dájú pé ilẹ̀ náà ní ẹni tí ó ni ín. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n fún un ní 100,000 ékà ní Njoro. Ọdún 99 ni a fi yá a. Owó ìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ £200 ní ọdún, ó sì gbọ́dọ̀ ná £5,000 sí orí rẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún. Ó sọ ibẹ̀ ní Equator Ranch, nítorí pé ìlà tí ó pín ayé sí méjì kọjá lẹ́bàá ibẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1904, ìjọba pe àwọn olórí Máásáì jọ, Olonana àti Ole Gilisho wà lára wọn, a sì ṣe ìwé àdéhùn. Àwọn Máásáì yóò kó kúrò ní Àfonífojì Ńlá, ní agbègbè Naivasha àti Nakuru, níbi tí ojú irin gbà kọjá. A ó pín wọn sí ọ̀nà méjì: àwọn kan yóò lọ sí Laikipia ní àríwá, àwọn yòókù yóò lọ sí gúúsù. Ìjọba ṣèlérí nínú ìwé náà pé àdéhùn yìí yóò dúró níwọ̀n ìgbà tí ìran Máásáì bá ṣì wà láyé. Àwọn olórí fọwọ́ sí i, wọ́n sì da ẹran wọn lọ. Ọdún méjì péré lẹ́yìn èyí, ní ọdún 1906, Delamere gba ilẹ̀ ńlá mìíràn nínú Àfonífojì náà, ní ẹ̀bá adágún Elmenteita. Ilẹ̀ yìí ni Soysambu. Orúkọ náà pàápàá, èdè Máásáì ni: ó túmọ̀ sí òkúta tí àwọ̀ rẹ̀ rí adíkálà. Àwọn onílẹ̀ ti lọ. Orúkọ tí wọ́n sọ ilẹ̀ náà kò bá wọn lọ.

Ẹ̀kọ́ tí Ilẹ̀ Kọ́ Ọ

Kí ó tó di pé Soysambu mú èrè wá, ojú Delamere rí màbo ní Njoro. Ó ra àwọn àgbò onírun dáradára láti òkè òkun, ó kó màlúù láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó dà wọ́n sí orí koríko tí ó tutù tí ó sì ga. Àwọn àgùntàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í rù, wọ́n sì ń kú lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ àdánù ni a tó mọ̀ pé ilẹ̀ náà kò ní àwọn èròjà kan tí ń mú ara ẹran le; koríko rẹ̀ dára lójú, ṣùgbọ́n kò ní oúnjẹ nínú. Àwọn Máásáì ti mọ èyí tipẹ́tipẹ́, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọn kì í fi da ẹran wọn lọ síbẹ̀. Ibi tí Delamere rò pé ọ̀lẹ tàbí àìmọ̀kan ni ó mú kí darandaran Áfíríkà fi sílẹ̀, ọgbọ́n ni ó mú kí wọ́n fi í sílẹ̀. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró sì tún kọlu àwọn màlúù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ibà tí eégbọn ń kó ran ẹran.

Ó kó èyí tí ó ṣẹ́kù nínú àwọn ẹran rẹ̀ wá sí Soysambu. Níhìn-ín, koríko kúrú, ilẹ̀ gbẹ, ṣùgbọ́n ara ẹran le lórí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí fún àwọn Máásáì láti ìrandíran. Ó fi àwọn àgbò òkè òkun gun abo àgùntàn ilẹ̀ Áfíríkà, ọmọ wọn sì jogún irun baba àti agbára ìyá láti kojú àrùn. Àwọn Máásáì ni ó gbà láti máa da ẹran rẹ̀. Ó gbà gbọ́ pé kò sí ẹni tí ó mọ màlúù bí wọn. A máa jókòó tì wọ́n, a máa fetí sí ọ̀rọ̀ àgbà wọn, a sì máa gbàgbé ọ̀ràn nígbà tí àwọn kan nínú wọn bá jí ẹran rẹ̀ kó lọ. Àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ìfẹ́ yìí.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé alámọ̀ tí a fi koríko bò ni òun àti Lady Florence gbé, gẹ́gẹ́ bí àwọn darandaran tí ó yí wọn ká. Inú ilé bẹ́ẹ̀, tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ erùpẹ̀ lásán, ni wọ́n to àwọn àga àti tábìlì olówó iyebíye tí ó ti Vale Royal wá sí. Ọlọ́lá ni ó yan ìyà yìí fúnra rẹ̀, ó sì lè padà sí ilé ńlá rẹ̀ ní Cheshire ní ọjọ́ tí ó bá wù ú. Ẹni tí a lé kúrò ní ibẹ̀ ní ọdún 1904 kò ní ibòmíràn tí ó lè pè ní Elmenteita.

Ó gbin àlìkámà 1,200 ékà. Ní nǹkan bí ọdún 1909, àrùn tí ń mú ewé rẹ̀ pọ́n bí irin tí ó dípẹtà bà á jẹ́. Dípò kí ó jáwọ́, ó kọ́ ilé ìwádìí sí orí oko rẹ̀, ó sì gba àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń wá irúgbìn tí yóò borí àrùn náà. Ó sin ògòǹgò nítorí ìyẹ́ wọn, tí àwọn obìnrin Yúróòpù ń fi ṣe fìlà lọ́ṣọ̀ọ́. Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dé, fìlà oníyẹ́ kò bá ọkọ̀ tí ń sáré mu mọ́, òwò náà sì kú. Ní ọdún 1908, ó dá ilé-iṣẹ́ ìlọyẹ̀fun sílẹ̀, ó sọ ọ́ ní Unga, èyí tí ó túmọ̀ sí ìyẹ̀fun ní èdè Swahili. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1914, iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú èrè wá. Ọdún náà gan-an ni Lady Florence kú. Owó tí ó fi ṣe gbogbo èyí, ilẹ̀ baba rẹ̀ ní Cheshire ni ó fi dúró ní bàǹkì láti yá a. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ òtítọ́ gbọ́dọ̀ gbà pé òṣìṣẹ́ ni, ó sì ní ìforítì. Àlìkámà àti òwò wàrà tí Kẹ́ńyà ń jẹ èrè rẹ̀ títí di òní, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìpìlẹ̀ wọn.

Olórí Àwọn Òyìnbó Àgbẹ̀

Ṣùgbọ́n kì í ṣe oko nìkan ni ó ń dá. Òun ni àwọn òyìnbó àgbẹ̀ fi ṣe olórí, ó sì wà nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin láti ìgbà tí a dá a sílẹ̀ ní ọdún 1907. Ohun tí ó ń lépa kò fara sin: kí ilẹ̀ òkè Kẹ́ńyà di ilẹ̀ òyìnbó títí láé, bí Ọsirélíà àti New Zealand. Ní ọdún 1908, nígbà tí ìjọba ṣe àwọn òfin tuntun lórí gbígba òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú, tí àwọn àgbẹ̀ òyìnbó sì kà á sí ìdíwọ́, Delamere kó wọn lẹ́yìn lọ sí ilé Gómìnà Hayes Sadler, wọ́n sì pariwo lé e lórí. Gómìnà yọ ọ́ kúrò nínú Ìgbìmọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí aláwọ̀ dúdú ni ó ṣe irú rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni ì bá fi jura.

Bí òfin ṣe ń wo òyìnbó nígbà náà hàn kedere ní ẹ̀gbẹ́ Soysambu gan-an. Galbraith Cole, àbúrò Lady Florence, ni aládùúgbò wọn ní Elmenteita. Ní ọdún 1911, ó yìnbọn pa ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí ó fẹ̀sùn kàn pé ó jí àgùntàn òun. A gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́. Àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jókòó dájọ́ ní kò jẹ̀bi. Ọ̀ràn náà bu ìjọba ní London lára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lé e kúrò ní ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ púpọ̀ tí ó tún padà wá.

Àdéhùn tí kò Tó Ọdún Méje

Ọ̀rọ̀ tí ó kàn yìí kan àwa ará Nàìjíríà. Láti ọdún 1907 sí 1909, Sir Percy Girouard ni olórí ìjọba ní ilẹ̀ Àríwá Nàìjíríà, níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Baro lọ sí Kano. Níbẹ̀, ó jà fitafita pé kí ilẹ̀ má ṣe bọ́ sí ọwọ́ àjèjì. Ìwádìí tí ó mú kí a ṣe ní ọdún 1908 ni ó bí òfin ọdún 1910 tí ó pa ilẹ̀ Àríwá mọ́ fún àwọn ọmọ onílẹ̀. Ọkùnrin yìí kan náà ni a gbé lọ sí ìlà-oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1909. Ní ibi tí òyìnbó àgbẹ̀ kò sí, ó dáàbò bo ilẹ̀. Ní ibi tí Delamere àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà, Laikipia tí a ṣèlérí fún Máásáì ni wọ́n tún tẹ́jú mọ́, Girouard sì ti ọ̀ràn náà lẹ́yìn.

Olonana kú ní oṣù kẹta ọdún 1911. Ní oṣù kẹrin ọdún náà ni a gbé ìwé àdéhùn tuntun jáde, tí ó pàṣẹ pé kí àwọn ará Laikipia kó lọ bá àwọn ará gúúsù. Ìlérí tí ó yẹ kí ó dúró níwọ̀n ìgbà tí ìran Máásáì bá wà, kò tó ọdún méje tí ó fi yẹ̀. Àkọ́kó wọn forí ṣánpọ́n: òtútù àti òjò bá wọn ní orí òkè Mau, ẹran kú, ọmọdé àti arúgbó jìyà, ìjọba sì dá a dúró. Girouard fi ipò sílẹ̀ ní ọdún 1912 nígbà tí ọ̀ràn náà dá wàhálà sílẹ̀ láàárín òun àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní London. Síbẹ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ìkólọ náà, nígbà tí ó sì fi di ọdún 1913, Laikipia ti ṣófo.

Àwọn Máásáì kò gbé idà. Ole Gilisho àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí: wọ́n gba agbẹjọ́rò. Oníṣègùn ìjọba kan, Norman Leys, tí ó jẹ́ òyìnbó olóòótọ́, ràn wọ́n lọ́wọ́, ìjọba sì jẹ ẹ́ níyà fún un. Ní ọdún 1913, Ole Njogo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́ ní ilé-ẹjọ́ gíga. Ìdájọ́ tí wọ́n gbọ́ yani lẹ́nu. Àwọn adájọ́ kò sọ pé àdéhùn 1904 kò sí, wọn kò sì sọ pé ìjọba ṣe ẹ̀tọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ìwé tí ó wà láàárín ọba Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Máásáì dàbí àdéhùn láàárín orílẹ̀-èdè méjì, ilé-ẹjọ́ kò sì ní agbára láti wò ó. Ní ọjọ́ tí a ń lé wọn kúrò lórí ilẹ̀, ọmọ abẹ́ ìjọba ni wọ́n. Ní ọjọ́ tí wọ́n dé kóòtù, wọ́n di àjèjì. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Wọ́n tún pàdánù ní oṣù kejìlá ọdún náà.

Delamere, tí ó fẹ́ràn Máásáì jù nínú gbogbo òyìnbó, tí ó ń jókòó tì wọ́n ní ẹ̀bá iná, kò fi ékà kan ṣoṣo sílẹ̀ fún wọn.

Ọjọ́ Alẹ́ Rẹ̀

Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní bẹ́ ní ọdún 1914, ó lọ sí ẹnu ààlà ilẹ̀ tí àwọn Jámánì ń ṣàkóso, àwọn Máásáì sì bá a ṣe amí níbẹ̀. Lẹ́yìn ogun, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kojú àwọn ará Íńdíà tí wọ́n ń béèrè fún ẹ̀tọ́ ìbò dọ́gbadọ́gba àti ẹ̀tọ́ láti ra ilẹ̀ ní òkè. Ọ̀ràn náà di ti London ní ọdún 1923, Delamere sì lọ ṣe aṣojú níbẹ̀. Ìwé tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní ọdún náà kò jẹ́ kí àwọn ará Íńdíà ra ilẹ̀ òkè, ṣùgbọ́n ó sọ gbólóhùn kan tí Delamere kò fẹ́: pé ilẹ̀ Áfíríkà ni Kẹ́ńyà, àti pé bí ire àwọn aláwọ̀ dúdú bá takò ti àwọn àlejò, ti àwọn aláwọ̀ dúdú ni yóò lékè. Ọ̀rọ̀ lásán ni fún ìgbà náà, ṣùgbọ́n a ti kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ Kẹ́ńyà kò sì gbàgbé rẹ̀.

Ní ọdún 1925, ó pe àpérò kan ní Tukuyu, ní gúúsù Tanganyika, kí àwọn òyìnbó láti Kẹ́ńyà títí dé Rhodesia lè di ọ̀kan. Àlá náà kò ṣẹ. Ní ọdún 1928, ó tún fẹ́ ìyàwó, Gwladys Markham, ẹni tí ó wá di olórí ìlú Nairobi lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 1931, ọkàn rẹ̀ dákẹ́. Ọmọ ọdún 61 ni. A sin ín sí Soysambu, ní ẹ̀bá adágún tí ó fẹ́ràn. Gbèsè tí ó fi sílẹ̀ ní bàǹkì tó £500,000. Ilẹ̀ baba rẹ̀ ni ó fi wá ilẹ̀ ẹlòmíràn.

Àwọn òyìnbó Nairobi gbé ère rẹ̀ ró sí ojú pópó tí ó gbòòrò jù ní ìlú náà, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ pópó náà. Nígbà tí Kẹ́ńyà gba òmìnira ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1963, a sọ ère náà kalẹ̀, a sì gbé e lọ sí Soysambu, ilé ọlọ́ja rẹ̀. Pópó náà di ti Kenyatta. Thomas, ọmọ rẹ̀, tí ó di Lord Delamere kẹrin, jókòó ní Kẹ́ńyà pẹ̀lú ìdílé rẹ̀, ó sì kú ní ọdún 1979. Ní ọdún 2007, ìdílé náà sọ Soysambu, tí ó tó 48,000 ékà, di ibi tí a ti ń dáàbò bo ẹranko àti ẹyẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé màlúù ṣì ń jẹko níbẹ̀. Ní ọdún 2011 sì ni àjọ UNESCO ka adágún Elmenteita mọ́ àwọn ogún gbogbo aráyé.

Ọ̀ràn náà kò tíì sùn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2004, nígbà tí ó pé 100 ọdún gééré tí a ṣe àdéhùn àkọ́kọ́, àwọn Máásáì tú jáde ní Nairobi àti ní Laikipia, wọ́n ní kí a dá ilẹ̀ àwọn padà. Àwọn ọlọ́pàá tú wọn ká.

Kí ni kí àwa rí kọ́ nínú ìgbésí-ayé yìí? Delamere kò kórìíra ọmọ Áfíríkà tí ó wà níwájú rẹ̀. Ọmọ Áfíríkà ni ó gbà á lẹ́nu kìnnìún, ọmọ Áfíríkà ni ó kọ́ ọ bí a ti ń sin ẹran. Ohun tí kò lè gbà ni pé kí ọmọ Áfíríkà jẹ́ olówó ilẹ̀, kí ó sì ní ẹnu láti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ìfẹ́ tí kò bá gba ẹ̀tọ́ olólùfẹ́ rẹ̀ mọ́ra, ìfẹ́ olówó sí ẹrú ni. Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá ya àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà sí ara pátákó, tí ẹ bá sì dé Kẹ́ńyà, ẹ fi ọwọ́ tọ́ka sí adágún kékeré tí ó wà láàárín Naivasha àti Nakuru. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ náà pé òkè kan wà níbẹ̀ tí a fi imú àlejò sọ lórúkọ. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ orúkọ tí àwọn onílẹ̀ ń pè é fún wọn, kí wọ́n sì kọ ìyẹn sílẹ̀ sínú ìwé wọn.